Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ọ̀dọ̀ Agbálẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Iléeṣẹ́ àti Ẹgbẹ́ Tó Fẹ́ Kí Ayé Rọrùn fún Gbogbo Ènìyàn

Iléeṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan rí ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àlàáfíà òṣìṣẹ́. Wọ́n gbé pátákó ńlá síwájú ilé, wọ́n pe olùkọ́ eré ìdárayá, wọ́n ní kí gbogbo wa wọ aṣọ funfun. Bí a ṣe ń na ọwọ́ na ẹsẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, mo rí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ìgbálẹ̀ dání, ó ń dúró kí a ṣe tán kó lè ríbi gbá. Nígbà tó yá, mo bá a nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń sá àkísà ìnulẹ̀ sí. Orí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló jókòó sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sí àga níbẹ̀. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti ń gbálẹ̀ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí. Ó tún ní agbaṣẹ́ṣe tó gba òun síṣẹ́ kò tíì sanwó oṣù méjì fún òun. Mo lọ wádìí lọ́dọ̀ akáńtáǹtì wa. Agbaṣẹ́ṣe náà kò lówó lọ́wọ́ lóòótọ́, nítorí pé iléeṣẹ́ wa jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta. Owó pátákó àti ti olùkọ́ eré ìdárayá ńkọ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi san án.

A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Láti ọjọ́ yẹn, tí iléeṣẹ́, àjọ tàbí ẹgbẹ́ kan bá ní òun fẹ́ kí ara tu òṣìṣẹ́, kí ayé tọ́jọ́, kí ọrọ̀ ajé má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìwé owó rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ta ni wọ́n ń sanwó fún? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń san án? Èló ló ń dé ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá? Ta ló sì ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín in? Orí ìbéèrè mẹ́rin yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé. Ẹ lè lò ó bóyá òṣìṣẹ́ mẹ́wàá lẹ ní tàbí ẹgbẹ̀rún, bóyá iléeṣẹ́ aládàáni ni tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́.

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tí a fi so nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀: ìtura òṣìṣẹ́, ayé tó ń tọ́jọ́ àti ọrọ̀ ajé tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní 1987, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland ti orílẹ̀-èdè Nọ́wè darí ṣàlàyé pé ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ ni èyí tó ń bá àìní àwa tí a wà láyé báyìí pàdé láì gba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2015, àjọ kan náà gbé àfojúsùn 17 kalẹ̀ tí ayé yóò lé bá títí di 2030, òṣì, ìlera, iṣẹ́ tó níyì, omi àti ojú ọjọ́ sì jọ wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Ó rí bẹ́ẹ̀ torí pé wọn ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè ro ti igbó tí wọ́n ń gé. Odò tí wọ́n da májèlé sí, ẹni tí kò lówó omi mìíràn ni yóò kọ́kọ́ mu ún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka àwọn ènìyàn yín láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ yín kàn sínú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni kó wà lórí ìlà àkọ́kọ́: agbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ òru, ẹni tó ń ru ẹrù, ẹni tí ẹ máa ń pè fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí kò sí nínú ìwé owó oṣù yín rárá ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ yín ò lè dúró láìsí wọn: àwọn tí agbaṣẹ́ṣe rán wá, àwọn tó ń kó ohun èlò wá fún yín, àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ yín ń fẹ́ sí. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ẹ kọ ọmọ tí a kò tíì bí. Orílẹ̀-èdè Wales sọ ìlà yìí di òfin ní 2015: àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ro ti ìran tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìpinnu, wọ́n sì ní kọmíṣánnà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbẹnu sọ fún ìran náà.

Kíkà yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún létí lọ. Ní 1972, ní ìlú Ahmedabad ní Íńdíà, Ela Bhatt àti àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù, tó ń ta ọjà lójú pópó, tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé, fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni SEWA. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ kọ̀ fún wọn, ó ní wọn kò ní ọ̀gá tó gbà wọ́n síṣẹ́, nítorí náà wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ nínú ìwé, wọn kò sí. Àfìgbà tí wọ́n bá ìjọba fà á títí kí wọ́n tó rí ìwé gbà. Bákan náà ló rí nínú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́: ẹni tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ètò ìlera tàbí ìsinmi tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tí ìwé bá ti pé, ẹ lọ bá wọn. Ẹ má pín fọ́ọ̀mù. Ẹ ní kí ẹnìkan tí kì í ṣe ọ̀gá wọn jókòó tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lásìkò iṣẹ́, kí wọ́n má baà pàdánù owó lórí rẹ̀. Ìbéèrè méjì péré tó: Kí ni iṣẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ yín? Kí lẹ bá kọ́kọ́ tún ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní ibí? Ẹ kọ èsì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má kọ orúkọ. Ẹ̀rù lè máa bà wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ padà lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ọ̀rọ̀ owó ṣe kí ẹ tó ṣe ètò kankan

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbèsè. Ẹ ní kí akáńtáǹtì tẹ gbogbo owó tí ẹ jẹ síta, kó sì tò ó láti orí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù lọ dé orí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tóbi jù. Ẹni kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san tirẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá tí ẹ jẹ lówó ní ohun tó lè fi gbé ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin kò ní i, yóò lọ yáwó èlé kó lè sanwó fún wọn, tàbí kó má san án. Tí ẹ bá ń fi owó irú wọn pamọ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, owó wọn lẹ yá láì béèrè, láì san èlé, ẹ sì tún yá a lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tó yín. Ẹ fi ọjọ́ kan sí i, bóyá ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ìwé owó bá ti dé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín, kẹ́ ẹ sì máa kà á sókè níbi ìpàdé oṣooṣù pé mélòó lẹ san lásìkò, mélòó ló pẹ́.

Lẹ́yìn gbèsè ni owó oṣù. Ẹ pe ẹni mẹ́ta lára àwọn tí owó wọn kéré jù, tí wọ́n bá gbà, kí ẹ jọ kọ ohun tí ó ń ná ìdílé kan lóṣù kan sílẹ̀: ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, ilé ìwé, oògùn, díẹ̀ tí wọ́n lè fi pamọ́. Ẹ fi wé ohun tí ẹ ń san. Tí àlàfo bá wà, kò pọn dandan kẹ́ ẹ dí i lọ́jọ́ kan. Ẹ sọ ọdún tí yóò dí, ẹ kọ iye tí yóò máa gòkè lọ́dọọdún, ẹ sọ ọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì mú un ṣẹ.

Àwọn kan á sọ pé ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń dé orí gbogbo ìka, èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò kú ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Mondragon, ní ilẹ̀ Basque ní Sípéènì, àlùfáà kan tó ń jẹ́ José María Arizmendiarrieta kọ́ àwọn ọ̀dọ́, márùn-ún nínú wọn sì dá iléeṣẹ́ alájùmọ̀ní àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1956. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá òṣìṣẹ́ ló wà lábẹ́ àjọ náà. Nínú àwọn iléeṣẹ́ alájùmọ̀ní ibẹ̀, owó ẹni tó ga jù kì í sábà ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti ẹni tó kéré jù, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló sì ń dìbò lé e lórí. Ẹ ṣírò tiyín. Ẹ fi owó ẹni tó kéré jù pín ti ẹni tó ga jù, kẹ́ ẹ gbé èsì rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ alábòójútó. Mo ti rí i kí ìgbìmọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ lórí nọ́ńbà yẹn nìkan.

Ẹ wo ti obìnrin àti ọkùnrin pẹ̀lú. Àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti sọ ọ́ láti 1951 pé iṣẹ́ tí iye rẹ̀ dọ́gba gbọ́dọ̀ ní owó tó dọ́gba. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye iṣẹ́ ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé orúkọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á pe ti ọkùnrin ní alábòójútó, tí wọ́n á pe ti obìnrin ní olùrànlọ́wọ́, tí ẹrù ọwọ́ àwọn méjèèjì sì jọra. Ẹ yọ orúkọ àti oyè kúrò nínú ìwé, ẹ fi ohun tí oníkálukú ń ṣe nìkan sílẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n sọ pé èwo ló yẹ kó gba owó wo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àlàáfíà ara àti ọkàn

Nígbà tí owó bá ti ń lọ létòlétò, ẹ wá wo wákàtí iṣẹ́. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ní ìdá 35 nínú 100 ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ó sì súnmọ́ ikú àrùn ọkàn ní ìdá 17. Ẹ kó ìwé àkọsílẹ̀ ìwọlé àti ìjáde oṣù mẹ́ta jọ, kẹ́ ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó kọjá wákàtí 55. Tí ẹnìkan náà bá ń hàn léraléra, iṣẹ́ ẹni méjì lẹ gbé lé e lórí. Ẹ gba ẹnìkan kún un, tàbí kẹ́ ẹ dín iṣẹ́ kù.

Ohun kejì kì í sábà hàn sójú, òun sì ni mo gbàgbọ́ pé ó ń pa ènìyàn jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1967, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ìlera ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn ló níṣẹ́, ebi kò pa ìkankan nínú wọn. Síbẹ̀, bí ipò ènìyàn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ikú rẹ̀ ń yá sí i, láti àtẹ̀gùn kan sí èkejì. Nígbà tí Michael Marmot àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣèwádìí lórí ìran òṣìṣẹ́ mìíràn, wọ́n rí i pé ẹni tí kò lágbára lórí bí iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ń lọ ni àrùn ọkàn ń mú jù. Nítorí náà, ẹ fún òṣìṣẹ́ ní agbára lórí nǹkan tó kàn án. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn pín ọjọ́ iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹ jẹ́ kí agbálẹ̀ yan ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́, òun ló mọ èyí tó ń bẹ́ ọwọ́. Ẹ fi ìwé ọjọ́ iṣẹ́ síta ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ìyá ọlọ́mọ lè mọ ẹni tí yóò bá a mú ọmọ.

Fún ìwà ipá àti ìfìtínà níbi iṣẹ́, ẹ ṣí ọ̀nà ìfisùn tí kò gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá kọjá. Àdéhùn ILO ti 2019 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ àti olùyọ̀ǹda ara ẹni pẹ̀lú. Ẹ sọ nínú ìlànà yín ọjọ́ mélòó tí èsì yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹjọ́ sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka mítà yín

Ọ̀rọ̀ àyíká ni àwọn iléeṣẹ́ ti máa ń sọ̀rọ̀ tó wúwo jù, òun náà sì ni wọ́n ti máa ń ṣírò díẹ̀ jù. Ẹ ṣe é bí ẹni ń ṣírò owó. Ẹ kó ìwé iná mànàmáná, ti epo àti ti omi fún oṣù méjìlá jọ, kẹ́ ẹ fa ìlà mẹ́ta. Ìlà kìíní ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń sun: epo jẹnẹrétọ̀, epo ọkọ̀, gáàsì. Ìkejì ni iná tí ẹ ń rà. Ìkẹta ni gbogbo èéfín tó ti jáde níbòmíràn kí ohun tí ẹ rà tó dé ọ̀dọ̀ yín, àti èyí tó ń jáde lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ yín: ẹ̀rọ, bébà, ọkọ̀ òfurufú, ìdọ̀tí. Bí wọ́n ṣe ń pín in káàkiri ayé nìyẹn, àwọn iléeṣẹ́ tó sì jẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ nínú wọn sábà máa ń rí i pé ìlà kẹta ló gùn jù.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí ẹ kò nílò, lẹ́yìn náà ẹ tún èyí tó ń jò ṣe, kí ẹ tó ra ohun tuntun. Mo ti rí iléeṣẹ́ tó ra pánẹ́ẹ̀lì iná oòrùn tó pọ̀ gan-an nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lóru nínú yàrá tí kò sẹ́nìkan. Ẹ rìn yí ilé yín ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ mú ìwé dání, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó ń tàn àti ohun tó ń dún sílẹ̀. Ìrìn yẹn kì í gbówó, ó sì máa ń ya gbogbo ẹni tó bá rìn ín lẹ́nu. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Ẹ̀rọ tí kò ṣeé tún ṣe, ilé ìdọ̀tí ló ń lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ fún aráyé pé ẹ ń tọ́jú àyíká, ẹ sọ nọ́ńbà ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí. Tí ẹ kò bá ní nọ́ńbà, ẹ dúró ná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ibi tí owó ìrajà yín ń lọ

Ní 2011, ní Preston, ìlú kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ilé ìtajà ńlá tí ìlú náà fojú sọ́nà fún dàrú. Owó àwọn olùdókòwò kò wá mọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú náà wá bi ara rẹ̀ léèrè pé owó tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n kó àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí kò lè kó kúrò níbẹ̀ jọ, bíi ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ ìlú fúnra rẹ̀, wọ́n sì ka ìwé ìrajà wọn. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ná ní 2012 sí 2013, ìdá 5 péré nínú 100 ló dúró sí ìlú náà. Wọ́n gé iṣẹ́ ńláńlá sí wẹ́wẹ́ kí àwọn kéékèèké lè dù ú, wọ́n wá àwọn tó lè ṣe é nítòsí. Nígbà tó fi máa di 2016 sí 2017, ó ti di ìdá 18. Kò sí owó tuntun kankan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí owó gbà ni wọ́n yí padà.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ kọ àwọn ogún tí ẹ ń ra ọjà tàbí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn jù lọ sílẹ̀. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí wọ́n wà, ta ló ni wọ́n, ṣé wọ́n ń sanwó tó ṣeé gbé fún òṣìṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó tóbi, ẹ pín in sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ dín ìwé tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ kékeré kù. Kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ tún ilẹ̀kùn méjì ṣe kọ ìwé ogójì ojú ewé. Ẹ kéde iṣẹ́ náà níbi tí àwọn kéékèèké ti lè gbọ́, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Tí wọ́n bá sì kùnà láti rí i gbà, ẹ pè wọ́n, ẹ sọ ohun tó fà á fún wọn, kí wọ́n lè tún un ṣe nígbà mìíràn.

Ẹ fi gbólóhùn kan kún ìwé àdéhùn gbogbo agbaṣẹ́ṣe: òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ nínú ilé wa yóò ní ibi ìjókòó, omi mímu, àkókò ìsinmi, owó rẹ̀ kò sì ní kọjá ọjọ́ tí a fi àdéhùn sí. Ibi tí wọ́n ti ń fojú agbálẹ̀ gbolẹ̀ jù ni àárín àdéhùn méjì, níbi tí iléeṣẹ́ á ti sọ pé òṣìṣẹ́ tòun kọ́, tí agbaṣẹ́ṣe á sọ pé ilé tòun kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó yíyá tí kò ní di ìdẹkùn

Iléeṣẹ́ tàbí àjọ tó bá ń bá àwọn aláìní ṣiṣẹ́ máa ń fẹ́ sáré yá wọn lówó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó ara wọn pamọ́. Ní 1991, ní agbègbè Maradi ní Niger, àjọ aṣèrànwọ́ àgbáyé tó ń jẹ́ CARE bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó jẹ́ pé owó táwọn obìnrin abúlé kó jọ fúnra wọn ni wọ́n ń yá ara wọn. Ètò náà ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bó ṣe ń lọ rèé: nǹkan bí ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó ara wọn jọ, wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, owó wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ará ilé kan náà ló sì mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, wọ́n á pín gbogbo owó àti èlé rẹ̀ fún ara wọn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Èlé tí wọ́n san, ọwọ́ wọn náà ló padà sí.

Nígbà tí wọ́n bá nílò ju ohun tó wà nínú àpótí lọ, ilé ìfowópamọ́ tí àwọn fúnra wọn ni ló dára jù. Ní 1974, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin obìnrin SEWA dá owó rúpì mẹ́wàá-mẹ́wàá jọ, wọ́n fi dá báńkì tiwọn sílẹ̀, nítorí pé àwọn báńkì tó kù kò mọ bí wọ́n ṣe lè bá ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ da nǹkan pọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ta ló jókòó níbi tí ẹ ti ń pinnu?

Ẹni mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Rochdale ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, ìlànà wọn sì ni pé ẹnìkan, ìbò kan, iye yòówù kí owó rẹ̀ jẹ́. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ní 2009, wo bí àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti àwọn tó ń jùmọ̀ lo igbó ṣe ń tọ́jú ohun tí gbogbo wọn jọ ni. Lára ohun tó rí ni pé níbi tí ohun àjùmọ̀ní ti tọ́jọ́, àwọn tí òfin dè ló ń lọ́wọ́ sí ṣíṣe òfin náà, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ ṣẹ̀, ìyà díẹ̀ ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, á wá máa le sí i bó bá tún ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fún àwọn tó wà lórí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé yín ní ìjókòó méjì nínú ìgbìmọ̀. Mo ní méjì, nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo láàárín àwọn ọ̀gá kì í sábà lè la ẹnu. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yàn wọ́n. Kí ọ̀gá má yàn wọ́n. Ẹ fún wọn ní ìwé ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní èdè tí wọ́n ń sọ, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tí yóò ṣàlàyé ìwé owó fún wọn. Àkókò ìpàdé kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ relé.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé náà pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́fà láyé ló ní àìlera ara tàbí ọkàn tó ń dí i lọ́wọ́ gidi. Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú òṣìṣẹ́ yín, àtẹ̀gùn yín, fọ́ọ̀mù yín tàbí ọkàn ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ló ń dá wọn padà. Ẹ pe ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kó wá rin ilé yín já, ẹ san owó iṣẹ́ fún un, ẹ tún ohun tó bá sọ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nọ́ńbà márùn-ún

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má ṣe ka ogójì nǹkan. Márùn-ún péré: iye ìgbà tí owó ẹni tó ga jù fi ju ti ẹni tó kéré jù, ọjọ́ tí ẹ fi ń sanwó fún àwọn kéékèèké, iye òṣìṣẹ́ tó kọjá wákàtí 55 lọ́sẹ̀, epo àti iná tí ẹ sun, àti ìdá owó ìrajà tó dúró nítòsí yín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí agbálẹ̀ ti lè kà á, kẹ́ ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹnu fún ẹni tí kò lè kà. Èyí tí kò dára, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ti àsìkò, ìgbésẹ̀ kìíní àti sísan gbèsè lè parí láàárín oṣù méjì. Kíka mítà àti ìwé ìrajà, oṣù kan sí i. Owó oṣù, ọdún méjì sí mẹ́ta ni ó máa ń gbà, nítorí náà òun ni kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó, ìjókòó méjì inú ìgbìmọ̀ àti nọ́ńbà márùn-ún náà sínú òfin ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ yín. Mo ti rí i kí ọ̀gá rere kan lọ, kí gbogbo ohun tó ṣe bá a lọ láàárín oṣù mẹ́fà, torí pé orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà.

Ní iléeṣẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó di òfin. Àga obìnrin náà ti dé ṣáájú, lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí a gbé e súnmọ́ fèrèsé.